Ẹ̀wà fún Àgbọ̀nrín: Ìtàn Oko Ẹran Ìgbẹ́ ní Gúúsù Amẹ́ríkà

Ìfáárà

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá wọlé, tí àkókò ọdẹ sì ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ onílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia, Alabama, South Carolina àti Mississippi máa ń gbé katakata wọ inú igbó. Wọ́n ń túlẹ̀, wọ́n ń da ajílẹ̀ sí i, wọ́n sì ń fúnrúgbìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ènìyàn ni yóò jẹ irè oko náà. Àgbọ̀nrín ni wọ́n dá a fún. Food plot ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú oko bẹ́ẹ̀. Oko ẹran ìgbẹ́ ni orúkọ tí àpilẹ̀kọ yìí yóò máa lò fún un.

Ète oko náà kò farasin. Àgbọ̀nrín yóò wá jẹ ewé tútù ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́. Ọdẹ yóò ti gun pẹpẹ tí a kàn mọ́ igi létí oko, yóò sì máa dúró dè é. Síbẹ̀, ìtàn tí ó wà nídìí oko kékeré yìí jinlẹ̀ ju ohun tí ojú ń rí lọ. Àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó ni ẹran ìgbẹ́ ni ó gba inú ìtàn náà kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òní. Bákan náà, ọ̀kan pàtàkì nínú irúgbìn tí a ń gbìn sínú oko ọ̀hún, èyíinì ni ẹ̀wà, ti ilẹ̀ Áfíríkà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí a kò gbà láyè láti dẹ̀gbẹ́ bí ó ti wù wọ́n. Ohun méjèèjì yìí ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò.

Orúkọ ẹran náà gba àlàyé díẹ̀. Àgbọ̀nrín ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ẹbí àgbọ̀nrín Amẹ́ríkà ní tòótọ́. Ìwo akọ àgbọ̀nrín tiwa kì í wọ́. Ó ń bá a gbé títí ọjọ́ ikú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n akọ àgbọ̀nrín onírù funfun ti Amẹ́ríkà, Odocoileus virginianus, ń wọ́ ìwo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún lásìkò òtútù, òmíràn a sì tún hù nígbà ìrúwé. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá fi àgbọ̀nrín pe ẹran tí òùngbẹ omi ń gbẹ nínú Orin Dáfídì kejìlélógójì, ọ̀rọ̀ náà sì ti gba ẹran méjèèjì mọ́ra láti ìgbà náà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ti Amẹ́ríkà ni a ní lọ́kàn níbikíbi tí a kò bá ti sọ pé ti ilẹ̀ Yorùbá ni.

Kí Oko Tó Dé: Iná, Awọ àti Ìparun

Kí àwọn aláwọ̀ funfun tó dé, àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ní gúúsù Amẹ́ríkà, bí i Muscogee, Cherokee àti Choctaw, mọ ọ̀nà tí a fi ń pe ẹran láìgbin nǹkan kan. Iná ni wọ́n ń lò. Wọn a dáná sun abẹ́ igbó lásìkò tí ó yẹ, eérú a jí ilẹ̀, oòrùn a ráyè wọlé, ewé tútù àti koríko ọ̀tun a sì hù. Ibi tí ewé ọ̀tun bá wà ni àgbọ̀nrín ń dà sí. Ó yẹ kí a ka igbó tí a sun báyìí sí ìyá oko ẹran ìgbẹ́, nítorí èrò kan náà ni ó bí àwọn méjèèjì: ọdẹ kò lé ẹran kiri mọ́, ó tún ilẹ̀ ṣe kí ẹran lè wá bá a.

Òwò awọ ni ó kọ́kọ́ da ètò yìí rú. Láàárín ọdún 1699 sí 1715, awọ àgbọ̀nrín tí ó lé ní 50,000 ni ó ń ti Carolina lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọọdún, èbúté Charles Town sì ni ojúko òwò náà. Ìbọn, aṣọ àti ọtí ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni igi gígé, oko òwú, ọkọ̀ ojú irin àti àwọn ọdẹ tí ń pa ẹran tà fún ọjà ìlú ńlá tún dé. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1900, àgbọ̀nrín onírù funfun tí ó ṣẹ́kù ní gbogbo Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti fojú bù ú, kò ju 300,000 sí 500,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ẹran tí iye rẹ̀ ti tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún rí ni. Ní ọdún náà gan-an ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin gbé Òfin Lacey jáde, tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti kó ẹran tí a pa lọ́nà àìtọ́ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Òfin náà di ọ̀nà ọjà pa. Ṣùgbọ́n kò dá ẹran kan padà sínú igbó.

Ẹ̀wà Tí Ó Sọdá Òkun

Ẹ̀wà, tí àwọn Yorùbá mìíràn ń pè ní erèé, jẹ́ irúgbìn tí àwọn àgbẹ̀ Áfíríkà sọ di ti oko láti ìgbà láéláé. Ọkọ̀ ẹrú ni ó gbé e dé erékùṣù Karibeani àti àgbáńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní Bahia, ó di acarajé, tí í ṣe àkàrà wa. Ní Cuba, ó di olelé, tí í ṣe ọ̀lẹ̀. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, ó di oúnjẹ ẹrú, oúnjẹ tálákà, àti lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn oúnjẹ gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ ọdún tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ tètè rí ìwúlò mìíràn lára rẹ̀: ẹran ọ̀sìn fẹ́ràn ewé rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ wá sínú ilẹ̀ tí òwú ti fà gbẹ. Láti ara bíbọ́ màlúù pẹ̀lú rẹ̀ ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, cowpea, ti jáde.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àrùn ìrọ àti aràn inú ilẹ̀ tí ń mú gbòǹgbò wú fẹ́ pa ẹ̀wà run ní ọ̀pọ̀ oko South Carolina. Àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀, tí William Orton wà lára wọn, rí ẹ̀yà kan níbẹ̀ tí kò kú. Iron ni orúkọ tí ó ń jẹ́. Ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama, Ọ̀jọ̀gbọ́n George Washington Carver, tí a bí sínú oko ẹrú, tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lórí ẹ̀wà ní ọdún 1903. Ó ń rọ àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú pé kí wọ́n fi í sọ ilẹ̀ wọn jí, kí wọ́n sì fi í bọ́ ilé wọn.

Ẹ̀yà Iron yìí, tí a dà pọ̀ mọ́ èkejì rẹ̀ tí ń jẹ́ Clay, ni ó wà nínú àpò irúgbìn tí àwọn ọdẹ ń rà lónìí fún oko àgbọ̀nrín. Orúkọ àgbẹ̀ Áfíríkà kan kò sí lára àpò náà. Irúgbìn tí Carver ń wàásù rẹ̀ fún àgbẹ̀ aláìní ti di èyí tí onílẹ̀ ń gbìn kí ìwo àgbọ̀nrín lè gùn.

Ta Ni Ó Ni Ẹran?

Lásìkò oko ẹrú, ẹran ìgbẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun díẹ̀ tí ẹrú lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá. Oúnjẹ tí olówó rẹ̀ ń wọ̀n fún un kì í tó o. Nítorí náà ni ó ṣe ń dẹ pańpẹ́, tí ó ń fi ajá dẹ̀gbẹ́ lóru, tí ó sì ń pẹja. Lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé tí ó parí ní 1865, òmìnira dé, ẹran ìgbẹ́ sì di ohun tí ó lè jẹ́ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira gbé ilé rẹ̀ láìṣiṣẹ́ fún olówó rẹ̀ àtijọ́. Èyí gan-an ni àwọn onílẹ̀ kò fẹ́. Ní ọdún 1865 kan náà, ìpínlẹ̀ Mississippi ṣòfin pé aláwọ̀ dúdú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira kò gbọdọ̀ ní ìbọn lọ́wọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Láàárín ọdún tí ó tẹ̀ lé e, òfin ìyànlẹ̀-onílẹ̀ àti òfin àkókò ọdẹ ń pọ̀ sí i káàkiri gúúsù. Igbó tí gbogbo ènìyàn ti ń dẹ tẹ́lẹ̀ di èyí tí a ń gba àṣẹ kí a tó wọ̀.

Ní ọdún 1896, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Geer àti ìpínlẹ̀ Connecticut. Wọ́n ní gbogbo ará ìlú ni ó ni ẹran ìgbẹ́, ìpínlẹ̀ ni ó sì ń bá wọn ṣọ́ ọ. Wọ́n yí ìdájọ́ yẹn padà ní 1979 nítorí ọ̀rọ̀ òwò láàárín ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n èrò pé ẹran jẹ́ ti gbogbo ìlú ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú òfin àwọn ìpínlẹ̀. Ìṣòro tí ó kù ni pé ilẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ìlú. Bí ẹran bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, tí ilẹ̀ tí ó ń jẹ̀ lórí rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹnìkan, ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ni ẹran. Oko ẹran ìgbẹ́ sì ni irinṣẹ́ tí ó dára jù lọ láti fi mú ẹran gbogbo ìlú dúró sórí ilẹ̀ ẹnìkan.

Láti Orí Ẹyẹ dé Orí Àgbọ̀nrín

Ẹyẹ ni wọ́n kọ́kọ́ dá irú oko bẹ́ẹ̀ fún. Ní àyíká Thomasville ní Georgia àti Tallahassee ní Florida, àwọn olówó láti àríwá ti ra ilẹ̀ oko ẹrú àtijọ́ lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi ọdẹ bobwhite, ẹyẹ kékeré kan tí ó jọ àparò. Ní ọdún 1924, Herbert Stoddard dé ibẹ̀ láti ṣèwádìí ìdí tí ẹyẹ náà fi ń dín kù. Ìwé rẹ̀ lórí bobwhite jáde ní 1931. Ó rí i pé ẹyẹ náà pọ̀ níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń yáló ilẹ̀ ti ń dá oko kéékèèké, ti àgbàdo àti ti ẹ̀wà, tí pápá wà láàárín oko kan sí òmíràn, tí wọ́n sì ń sun koríko lọ́dọọdún. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ tiwọn ni wọ́n ń ṣe, kì í ṣe ti ẹyẹ. Síbẹ̀, iṣẹ́ wọn ni ó ń bọ́ ẹyẹ tí olówó ń yìn níbọn. Nígbà tí irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ náà, àwọn olùtọ́jú ibi ọdẹ ní láti fi owó gbin ohun tí wọ́n ti ń gbìn, kí wọ́n sì fi owó sun ohun tí wọ́n ti ń sun.

Ní 1933, Aldo Leopold tẹ ìwé Game Management jáde, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ náà ní Yunifásítì Wisconsin. Kókó ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé irinṣẹ́ àgbẹ̀ àti ti ọdẹ tí ó pa ẹran run lè dá ẹran padà bí a bá fi ọgbọ́n lò ó. Ní 1937 ni Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí òfin tí a ń pè ní Pittman-Robertson, tí ó yí owó-orí ìbọn àti ọta padà sí iṣẹ́ títọ́jú ẹran ìgbẹ́. Owó yìí wà lára ohun tí àwọn ìpínlẹ̀ fi mú àgbọ̀nrín láàyè níbi tí ó ti kù, tí wọ́n sì tú u sílẹ̀ níbi tí ó ti tán. Lónìí, nǹkan bí 30 mílíọ̀nù ni àwọn onímọ̀ fojú bù pé ó wà.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí a gbìn lásìkò náà ni ó yọrí sí rere. Láti àwọn ọdún 1930 sókè, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń tọ́jú ilẹ̀ pín igi kékeré kan láti Éṣíà, Lespedeza bicolor, fún àwọn onílẹ̀ pé kí wọ́n fi bọ́ ẹyẹ. Ó bọ́ ẹyẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún sá kúrò lóko wọ inú igbó, ó sì ti di èpò tí a ń náwó lé jáde lónìí. Ẹni tí ó bá gbin nǹkan fún ẹran kò lè pàṣẹ fún irúgbìn pé kí ó dúró sí ojú kan.

Nígbà tí àgbọ̀nrín ti pọ̀, ìbéèrè yí padà. Kì í ṣe bí ẹran yóò ṣe pọ̀ mọ́, bí kò ṣe irú ẹran tí yóò jẹ́. Ní Texas, Al Brothers àti Murphy Ray tẹ ìwé kan jáde ní 1975 tí ó kọ́ àwọn ọdẹ láti dá akọ tí kò tíì dàgbà sí, kí wọ́n sì máa pa abo dáadáa kí agbo má baà ju oúnjẹ ilẹ̀ lọ. Láti inú èrò yìí ni Joe Hamilton fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní South Carolina ní 1988. Oúnjẹ wà lára ẹ̀kọ́ náà, nítorí egungun ni ìwo àgbọ̀nrín, láàárín oṣù díẹ̀ ni ó sì ń hù. Báyìí ni irúgbìn fún àgbọ̀nrín di òwò ńlá, tí àwòrán ìwo wà lára àpò rẹ̀.

Bí A Ṣe Ń Ṣètò Oko Náà

Oríṣi oko méjì ni àwọn onímọ̀ ń yà sọ́tọ̀. Èkíní ni oko ìbọ́ni, tí ó tóbi, tí ète rẹ̀ jẹ́ pé kí ẹran jẹun yó jálẹ̀ ọdún. Èkejì ni oko ọdẹ, tí kò sábà ju éékà kan lọ, tí a fi pamọ́ sáàárín ibi tí ẹran ń sùn àti ibi tí ó ń lọ jẹun. Oko tí ó bá gbòòrò jù tí kò sì ní ibi ìsápamọ́ nítòsí, òru nìkan ni akọ àgbà yóò máa wọ̀ ọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún oko ọdẹ ní ìrísí wíwọ́kọ̀ tàbí gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹran lè rí igbó nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ni a kọ́kọ́ ń wò kí a tó wo ilẹ̀. Imú ni ojú àgbọ̀nrín. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé òórùn ọdẹ sọdá oko, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lè bàjẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ọ̀nà tí ọdẹ ń gbà wọlé àti èyí tí ó ń gbà jáde kò gbọdọ̀ kọjá láàárín oko. Lẹ́yìn èyí ni a ń yẹ ilẹ̀ wò. Ilẹ̀ igbó gúúsù sábà máa ń kan. Ẹfun òkúta tí a lọ̀ kúnná ni a fi ń tún un ṣe, ó sì yẹ kí ó ti wà nílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí a tó gbìn. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti yẹ ilẹ̀ wò, tí ó wá ra irúgbìn olówó ńlá, ó ń gbin owó rẹ̀ sínú ilẹ̀ tí kò ní hù.

Láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni a ń gbin ẹ̀wà, kí ewé rẹ̀ lè bọ́ abo tí ń fún ọmọ lọ́mú àti akọ tí ìwo rẹ̀ ń hù. Aáyan wà níbẹ̀: bí oko bá kéré tí ẹran sì pọ̀, wọn yóò jẹ ẹ̀wà tán nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé. Nítorí náà ni àwọn mìíràn ṣe ń gbin ọkà bàbà mọ́ ọn, irúgbìn Áfíríkà mìíràn, kí ẹ̀wà lè rí nǹkan fà mọ́. Bí òjò ìkẹyìn ẹ̀ẹ̀rùn bá rọ̀, àlìkámà, oats, rye àti clover ni a ń gbìn, nítorí wọ́n ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí òtútù bá ti pa ewé igbó. Láti mọ iye tí ẹran ń jẹ, àgbẹ̀ yóò fi waya ṣe àgò kékeré kan sáàárín oko. Ìyàtọ̀ tí ó bá wà láàárín ewé inú àgò àti ti ìta ni yóò sọ òótọ́ fún un.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, oúnjẹ igbó ni àgbọ̀nrín ń gbára lé jù. Lọ́dún tí èso igi óákù bá bọ́ sílẹ̀ púpọ̀, oko tí ó tutù jù lọ lè wà ní òfìfo. Èyí kò ní ya ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá lẹ́nu, nítorí ó pẹ́ tí òun náà ti mọ̀ pé ìdí igi ìyeyè tí èso rẹ̀ ń bọ́ ni a ti ń dúró de ẹran. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe òun ni ó gbin ìyeyè, kò sì lè sọ pé ẹran tí ó wá ṣa á jẹ jẹ́ tòun kí ọta tó bà á.

Oko Yàtọ̀ sí Ìdẹ

Òfin Amẹ́ríkà fi ààlà sáàárín ohun tí ó hù láti inú ilẹ̀ àti ohun tí a dà sílẹ̀. Láti ọdún 1935 ni ìjọba àpapọ̀ ti kà á léèwọ̀ láti da ọkà sílẹ̀ fún pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ kí a lè yìn ín níbọn. Ṣùgbọ́n oko tí a gbìn bí àgbẹ̀ ti ń gbìn kò sí lábẹ́ èèwọ̀ náà. Ní ti àgbọ̀nrín, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣòfin tirẹ̀. Texas gba àgbàdo dídà láyè. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn kọ̀ ọ́. Lójú ọ̀pọ̀ ọdẹ, ẹni tí ó ro oko ti ṣiṣẹ́, ẹni tí ó da àgbàdo sílẹ̀ ti dẹ pańpẹ́. Lójú àwọn tí kò gbà, ikùn àgbọ̀nrín kò mọ ìyàtọ̀ náà.

Àrùn ni ó sọ àríyànjiyàn yìí di ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú. Ní 1967, àwọn àgbọ̀nrín tí a fi sínú ọgbà ìwádìí kan ní Fort Collins, ní Colorado, bẹ̀rẹ̀ sí í rù, wọ́n ń da itọ́, wọ́n sì ń kú. Chronic Wasting Disease ni a wá ń pe àrùn náà. Kì í ṣe kòkòrò ni ó ń fà á, bí kò ṣe prion, purotéènì tí ìrísí rẹ̀ ti yí padà tí ó sì ń ba ọpọlọ jẹ́. Kò gbóògùn. Ó ń ti inú itọ́, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹran dé inú ilẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí a rí i ní Wisconsin ní 2002, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó kọjá sí ìlà-oòrùn odò Mississippi. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tí àrùn náà dé ni ó ti ká ìdẹ lọ́wọ́ kò, nítorí òkìtì àgbàdo ń mú kí ẹran púpọ̀ fi ẹnu kan ojú kan náà. Oko fẹ̀ ju òkìtì lọ, ẹnu kì í sì í pàdé níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, oko kékeré tí àgbọ̀nrín ogún ń wọ̀ lálaalẹ́ kò jìnnà púpọ̀ sí òkìtì.

Ìkádìí

Àwọn ọdẹ Yorùbá a máa sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ìyà ẹsẹ̀ àti ti òru ni òwe náà ń sọ. Oko ẹran ìgbẹ́ fi ìyà mìíràn kún un: owó ilẹ̀, owó ẹfun, owó irúgbìn. Kò yani lẹ́nu pé ẹni tí ó ti ná gbogbo rẹ̀ yóò máa pe àgbọ̀nrín tí ó wọ oko rẹ̀ ní tèmi, bí òfin tilẹ̀ sọ pé ti gbogbo ìlú ni.

Ṣùgbọ́n ìtàn kò fi gbogbo rẹ̀ fún un. Àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi iná pe àgbọ̀nrín. Àgbẹ̀ Áfíríkà ni ó sọ ẹ̀wà di irúgbìn oko, ẹrú ni ó sì kọ́kọ́ bu omi sí i ní gúúsù Amẹ́ríkà. Oko tálákà tí ń yáló ilẹ̀ ni Stoddard ti rí ohun tí ń bọ́ ẹyẹ. Owó-orí gbogbo ẹni tí ó ra ọta ni a fi dá ẹran padà sínú igbó. Iye ọwọ́ tí ó wà nínú oko éékà kan yẹn pọ̀ ju ọwọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ilẹ̀ lọ. Bí àrùn náà ṣe ń tàn láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, tí prion kò sì mọ ààlà ilẹ̀ ẹnìkankan, ìpinnu onílẹ̀ kan lórí ohun tí yóò gbìn àti iye ẹran tí yóò jẹ́ kí ó kó jọ síbẹ̀ ti di ọ̀ràn gbogbo àwọn tí ó bá a pín igbó kan náà.